Gọ́ọ̀mù wo ni ká fi lẹ búlọ́ọ̀kù fóòmù tí wọ́n ń da kọnkéré sínú rẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Lugbe

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin ará wa ní Abuja, ẹ sì kú ọyẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ilé ni mo bá wá.

Àbúrò ọkọ mi ló fi búlọ́ọ̀kù fóòmù ránṣẹ́ sí wa nínú kọ̀ńténà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó rántí fóòmù funfun tí wọ́n máa ń kì sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n nínú páálí kó má baà fọ́. Òun náà ni, àmọ́ èyí le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan ní ojú méjì, ike dúdú ló so ojú méjèèjì pọ̀, àárín rẹ̀ sì ṣófo ní íńṣì 6. A ó máa tò wọ́n léra, eyín tìsàlẹ̀ á wọ inú tòkè, a ó ti rọ́ọ̀dù bọ inú rẹ̀, a ó wá da kọnkéré sí i. Fóòmù yẹn kì í kúrò mọ́, ó ti di ara ògiri nìyẹn, òun ni kì í jẹ́ kí ooru ìta wọlé. Ohun tó wù wá nínú rẹ̀ nìyẹn, torí ooru Lugbe nínú oṣù kẹta kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ sùn.

Bíríkìlà wa kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ó ní eyín yẹn kò fi òun lọ́kàn balẹ̀, pé ká fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo rẹ̀. Ó lọ ra gọ́ọ̀mù aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn tó ń tún bàtà ṣe máa ń lò. Nígbà tí mo fi máa dé sáìtì lọ́jọ́ kejì, ibi gbogbo tó fi kàn ti jẹ wọnú bí iṣu tí eku jẹ. Búlọ́ọ̀kù 4 ló bàjẹ́, mi ò sì mọ ibi tí mo ti máa rí irú rẹ̀ rà níbí.

Kí ni ká lò báyìí? Ṣé gbogbo ojú ìpàdé la máa lẹ̀ ni? Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù ká da kọnkéré.

Bíríkìlà Kubwa

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Búlọ́ọ̀kù mẹ́rin yẹn dùn mí.

Kò sí ohun tó ṣe gọ́ọ̀mù yẹn tó bá jẹ́ bàtà. Ohun tí wọ́n fi pò ó kó lè máa ṣàn ni ọ̀tá fóòmù, irú ohun tó wà nínú tínà tí àwọn apẹ̀ńtà ń lò, àti nínú omi tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́. Bẹntiróòlù náà wà lára wọn. Fóòmù yìí, tí a bá pín in sí ọ̀nà 100, afẹ́fẹ́ ló kó nǹkan bí 98 nínú rẹ̀. Ìwọ̀nba 2 tó kù ni ike gan-an. Bí ike tín-ín-rín yẹn bá ti yòrò, kí ló máa gbé afẹ́fẹ́ dúró? Ẹ mú àwo tákéàwé funfun kan, ẹ kán bẹntiróòlù sí i, ẹ fi han bíríkìlà yín. Níṣojú yín ló máa lu.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ni pé gọ́ọ̀mù tí òórùn rẹ̀ bá ń gun imú bíi tínà, kó má tilẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ibi tí fóòmù wà.

Ẹ má ju àwọn mẹ́rin yẹn nù o. Ẹ fi ayùn gé ibi tó jẹ kúrò, ẹ tọ́jú ìyókù. Ẹ máa nílò àgékù lábẹ́ fèrèsé àti lókè ẹnu ọ̀nà.

Káfíńtà Kugbo

Mà, ẹ lo gọ́ọ̀mù funfun tí àwa fi ń lẹ pákó. Omi ni wọ́n fi pò ó, kò ní jẹ fóòmù. A ti fi lẹ fóòmù mọ́ pílíwúùdù ní Kugbo níbí, ó sì ń dúró. Kò wọ́n rárá.

Ọmọ Ìlọrin ní Jabi

Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà, òótọ́ ni pé kò ní jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n pákó máa ń mu omi inú gọ́ọ̀mù yẹn, ìyẹn ló fi ń gbẹ. Fóòmù kì í mu omi bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fi í sáàárín fóòmù méjì, etí nìkan ló máa gbẹ, àárín á máa tutù fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Mo ti ya irú rẹ̀ sọ́tọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan rí, ó ṣì ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Fóòmù mọ́ pákó, mo gbà. Fóòmù mọ́ fóòmù, rárá.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni mo ń ṣe, mo sì ti bójú tó ilé mẹ́ta tí wọ́n fi irú búlọ́ọ̀kù yìí kọ́. Kí n tó dárúkọ gọ́ọ̀mù, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè yín kejì, torí òun ló lè ba iṣẹ́ jẹ́ jù.

Ẹ má lẹ gbogbo rẹ̀. Ará Kánádà kan tó ń jẹ́ Werner Gregori ló béèrè ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú búlọ́ọ̀kù báyìí ní 1966, láti ìgbà náà títí di òní, kí eyín wọ inú eyín ni iṣẹ́ náà dúró lé. Bí búlọ́ọ̀kù bá ṣe odindi, tí eyín rẹ̀ kò sì kán, ẹ kàn fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé ni. Ẹ tún lè fi okùn ike tí wọ́n fi ń di wáyà iná so ike dúdú tòkè mọ́ tìsàlẹ̀. Tí ẹ bá wá da gọ́ọ̀mù sójú gbogbo eyín, kọ́ọ̀sì tòkè, ìyẹn ìlà búlọ́ọ̀kù tó wà lókè, kò ní jókòó dáadáa mọ́, àṣìṣe kékeré ní ìsàlẹ̀ á sì ti di wíwọ́ ńlá kí ẹ tó dé òkè. Ohun tí ẹ bá ti lẹ̀ kò ṣeé tún gbé mọ́.

Ibi tí gọ́ọ̀mù ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ kò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni kọ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tó ti jókòó lórí ìpìlẹ̀. Fóòmù fúyẹ́, kọnkéré wúwo. Bí kọnkéré bá ń wọ abẹ́ rẹ̀, á fẹ́ gbé e léfòó, á sì máa tì í kúrò lójú okùn. Ẹ to kọ́ọ̀sì méjì àkọ́kọ́ ná láì lẹ̀ ẹ́, ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wò ó, ẹ ki nǹkan tín-ín-rín sí abẹ́ ibi tó bá kúrú, ẹ gé ibi tó bá ga. Ìgbà tó bá tó dọ́gba pátápátá ni kí ẹ wá fi fóòmù ìlẹ̀mọ́ inú agolo, èyí tí mo máa dárúkọ nísàlẹ̀, di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ ìpìlẹ̀, nínú àti lóde.

Lẹ́yìn ìyẹn, ibikíbi tí ẹ bá ti fi ayùn gé búlọ́ọ̀kù tí eyín ti lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tí ojú ìpàdé tòkè àti tìsàlẹ̀ bá bọ́ sójú kan náà, tí kò gun orí ara wọn. Àti àyíká pákó fèrèsé àti ti ilẹ̀kùn. Ó tán.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí bíríkìlà yín gbọ́ ketekete nìyí: gọ́ọ̀mù kọ́ ló ń gba agbára kọnkéré. Kọnkéré tútù, mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, mítà kan ní gíga, ó wúwo tó 2,400 kg. Tí ẹ bá da á kún ògiri mítà 3 lẹ́ẹ̀kan náà tó ṣì ń ṣàn, agbára tó máa fi ti ìsàlẹ̀ síta lè tó 7,200 kg lórí mítà kan níbùú lóròó. Kò sí gọ́ọ̀mù kankan tó lè mú fóòmù gígé dúró síwájú ìyẹn. Ibi tí ẹ bá ti gé, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ kó má yẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ fi pílíwúùdù bò ó ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ fi skúrù dè é mọ́ ike dúdú inú rẹ̀. Kí skúrù kan ike o, fóòmù lásán kì í di skúrù mú. Ẹ fi igi ti gbogbo ògiri láti inú, kí ẹ sì máa da kọnkéré ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4 ní gíga, ẹ yí gbogbo ilé po kí ẹ tó padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Gọ́ọ̀mù tí mo máa ń lò ni fóòmù políyúrétéènì inú agolo, èyí tí kì í wú púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Dei-Dei lè ṣàlàyé bí ẹ ṣe máa rà á.

Oníṣọ́ọ̀bù Dei-Dei

Mo wà níbí, ẹ kú ìrọ̀lẹ́.

Ẹ ṣọ́ra, torí oríṣi méjì tó jọra ló wà lórí igbá. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà ni fóòmù àwọn tó ń de ilẹ̀kùn onírin. Páìpù ike kékeré ni wọ́n ń tì bọ orí rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó wú, kó kún àlàfo láàárín férémù àti ògiri. Bí ẹ bá fi í sábẹ́ búlọ́ọ̀kù fóòmù, á gbé e sókè tàbí kó tì í síta, ẹ ò ní mọ̀ títí di àárọ̀. Oníbàárà kan padà wá bá mi lórí èyí, ògiri rẹ̀ ti fi ìka kan kúrò lójú okùn.

Èkejì ni ti oníbọn. Orí rẹ̀ ní ibi tó ń rọ́ mọ́ ìbọn, ìbọn yẹn ni ẹ fi máa ń darí rẹ̀ kó lè jáde tín-ín-rín tàbí nípọn. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ «low expansion» sí lára agolo, tàbí «foam adhesive» tó sọ pé ó wà fún EPS tàbí polystyrene. Orúkọ fóòmù yín nìyẹn lára agolo. Èyí tó pọ̀ jù jẹ́ 750 ml. Kí ẹni tó ń tà á fún yín má sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ẹ yí ìdí agolo wò kí ẹ rí ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Ẹ bi í bóyá òró ni wọ́n tò ó tàbí ńṣe ni wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, torí èyí tí wọ́n bá tẹ́ sílẹ̀ pẹ́, fóòmù á dì sẹ́nu rẹ̀, ẹ ò ní rí nǹkan kan yọ. Mo ti rí ọjà tí wọ́n kó síta sínú oòrùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ara agolo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí ó má gbóná ju 50°C lọ, torí afẹ́fẹ́ tó ń ti fóòmù jáde lè fọ́ agolo. Ẹ má rà á tán kí ẹ wá gbàgbé rẹ̀ sínú búùtù ọkọ̀ ní ọ̀sán gangan.

Ìbọn yẹn, ẹ ra ojúlówó kan. Èyí tó bá ń jò máa fi agolo méjì ṣòfò kí ọjọ́ tó lọ.

Ará Jos

Tiwa níbí, òtútù ni. Lóru ọyẹ́, fóòmù agolo kì í fẹ́ jáde, bó bá sì jáde kì í wú bó ṣe yẹ. A máa ń gbé agolo sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìgbà díẹ̀, a kì í gbé e sórí iná láéláé. Ní Lugbe, ẹ ò ní nílò ìyẹn.

Bíríkìlà Kubwa

Ohun tí Lugbe nílò ni omi. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ó gbà mí lákòókò kí n tó mọ̀ ọ́n.

Fóòmù agolo yìí, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló fi ń le. Nígbà òjò, ẹ ò ní ṣe wàhálà kankan. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ Abuja gbẹ débi pé ètè ń là, fóòmù náà á kàn máa rọ̀ nínú, ẹ ó rò pé ọjà yẹn ti bàjẹ́. Mo ti dá olójà kan lẹ́bi lórí rẹ̀ rí, tí ẹ̀bi kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ wá ike tí àwọn tó ń lọṣọ fi ń fín omi sí aṣọ. Ẹ fín in díẹ̀ sójú méjèèjì kí ẹ tó fi fóòmù sí i. Kó kàn rin, kó má ṣàn.

Kí ẹ tó fín omi rárá, ẹ nu ojú rẹ̀. Eruku ọyẹ́ máa ń bò ó láàárín wákàtí méjì, fóòmù yín á wá lẹ̀ mọ́ eruku. Àti pé bí búlọ́ọ̀kù bá ti pẹ́ nínú oòrùn, ojú rẹ̀ á pọ́n díẹ̀, á máa yọ lẹ́búlẹ́bú sọ́wọ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle gbá lẹ́búlẹ́bú yẹn kúrò títí tí ẹ ó fi kan funfun. Ẹ fi tapólì bo ìyókù láti òní lọ.

Bàbá Gwagwalada

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Èmi ò rí ìdí tí ẹ fi ń wá agolo òyìnbó kiri. Ẹ po sìmẹ́ńtì kó ki bí ẹ̀kọ, ẹ fi tọ́ọ̀lù fà á sójú búlọ́ọ̀kù, ẹ gbé èkejì lé e. Sìmẹ́ńtì kì í jẹ fóòmù. Ilé tí wọ́n fi pánẹ́ẹ̀lì fóòmù kọ́ wà ní ẹsiteeti Citec ní Mbora, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi bò ó.

Ọmọ Ìlọrin ní Jabi

Ẹ kú àgbà, sà. Òótọ́ lẹ sọ pé sìmẹ́ńtì kì í jẹ ẹ́, tó bá sì kan ọ̀rọ̀ rírẹ́ ara ògiri lẹ́yìn, sìmẹ́ńtì pẹ̀lú àwọ̀n ni a máa lò. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ní ojú ìpàdé ni nínípọn rẹ̀. Bó bá ga ní mìlímítà 3 péré lórí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, lórí kọ́ọ̀sì 7 ó ti di mìlímítà 21, ọwọ́ àwọn bíríkìlà kì í sì dọ́gba láti igun dé igun. Eyín á tún ti kún. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì fẹ́ mọ́tà láàárín, nítorí kò ní eyín. Ti fóòmù yìí kò fẹ́ ẹ. Àwọn pánẹ́ẹ̀lì tó ní wáyà lára, tí wọ́n ń fi sìmẹ́ńtì bò lóde àti nínú, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Bàbá Gwagwalada

Mo gbọ́, ọmọ mi. Ti àlàfo inú eyín yẹn, mi ò ronú dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ojú mi rí kún un, torí ó ba iṣẹ́ mi jẹ́. Nígbà tí a fẹ́ fi ọ̀dà dúdú kun ìsàlẹ̀ ògiri kí omi ilẹ̀ má baà wọlé, àwọn ọmọ iṣẹ́ yọ́ bitumẹ́ẹ̀nì, wọ́n sì da bẹntiróòlù sí i kó lè ṣàn, bí a ṣe ń ṣe é lórí búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyẹn jẹ fóòmù náà jákèjádò ẹ̀gbẹ́ ilé kan. Gọ́ọ̀mù nìkan kọ́ ni kí Ìyá Ìbejì máa yẹ̀ wò, gbogbo ohun tó bá máa fara kan fóòmù yẹn ni. Bitumẹ́ẹ̀nì tí wọ́n fi omi pò wà lọ́jà, òun ni kí ẹ lò, tútù, láì da nǹkan kan mọ́ ọn.

Àti ikán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilẹ̀ Gwagwalada, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ikán kì í jẹ fóòmù yó, àmọ́ á gbẹ́ ọ̀nà gba inú rẹ̀ lọ bá pákó òrùlé, ẹnì kankan ò sì ní rí i, nítorí inú fóòmù ló gbà. Ẹ fi oògùn ikán sí ilẹ̀ kí ẹ tó da ìpìlẹ̀, tí ẹ bá ti dà á tán, ẹ wa àyíká ilé ká kí ẹ fi sí i. Kí ẹ fi àyè kan sílẹ̀ lókè ilẹ̀ yípo ilé níbi tí fóòmù kò ní sí, kọnkéré nìkan, kí ojú lè máa rí ọ̀nà ikán bó bá ń gòkè. Ẹ má fi oògùn ikán fọ́n fóòmù láì dán an wò lórí àgékù, nítorí òmíràn nínú wọn, ohun tó rí bíi tínà ni wọ́n fi pò ó.

Nọ́ọ̀sì Kaduna

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ilé, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ gbébẹ̀ pẹ́.

Ẹ bá mi sọ fún àwọn tó máa tẹ ìbọn yẹn kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú. Fóòmù tó ṣì tutù máa ń lẹ̀ mọ́ ara gan-an. Bó bá kan ọwọ́, kí wọ́n fi aṣọ gbígbẹ nù ún kíá, kí wọ́n fi òróró kékeré pa á, kí wọ́n tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Tó bá ti gbẹ sára, kò sí ohun tó máa yọ ọ́ ju kí awọ ara fúnra rẹ̀ lé e kúrò lọ. Bó bá ta sójú, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án fún bí ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè.

Èyí tó ń dùn mí lọ́kàn jù ni iná. Afẹ́fẹ́ inú agolo yẹn ń gbiná. Fóòmù ògiri náà ń jó, èéfín rẹ̀ dúdú, ó sì léwu púpọ̀ fún ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà ọyẹ́ yìí, mégáàdì máa ń dáná yá lóru, ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́ ni wọ́n sì máa ń yàn, ìyẹn ẹ̀yìn ògiri. Ẹ bá a wá àyè tó jìnnà, ẹ ra bùláńkẹ́ẹ̀tì fún un. Bí ilé bá sì parí, ẹ má fi fóòmù sílẹ̀ níhòòhò nínú yàrá, ẹ rẹ́ ẹ tàbí kí ẹ fi bọ́ọ̀dù jípsọ́mù bò ó.

Ìyá Ìbejì, Lugbe

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń kà á. A ti gbé mégáàdì kúrò lẹ́yìn ògiri lálẹ́ àná, ibẹ̀ gan-an ló ń dáná sí.

A dán an wò lórí àgékù. Mo gé àgékù mẹ́fà, méjì méjì. A fi gọ́ọ̀mù funfun lẹ méjì, a fi fóòmù ilẹ̀kùn lẹ méjì, a fi ti oníbọn tí a rà lánàá lẹ méjì, lẹ́yìn tí a ti nu ojú rẹ̀ tí a sì fín omi sí i. A fi òkúta kékeré tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ti gọ́ọ̀mù funfun ṣí bí ìwé, àárín rẹ̀ tutù bí ẹ ṣe wí. Ti ilẹ̀kùn lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gbé òkúta kúrò lójú ibi tí mo gbé e sí, àlàfo ìka kan sì wà láàárín. Ti oníbọn nìkan ni kò ní àlàfo. Bíríkìlà wa fi gbogbo agbára fà á. Fóòmù funfun fúnra rẹ̀ ló ya, ibi tí a lẹ̀ kò ṣí.

Ọmọ Ìlọrin ní Jabi

Ohun tí a ń wá gan-an nìyẹn mà. Bí fóòmù bá ya kí ibi tí ẹ lẹ̀ tó ṣí, kò sí ohun tó tún yẹ kí ẹ máa wá lọ́dọ̀ gọ́ọ̀mù.

Ẹ máa fi sí i nípọn bí ìka kékeré, ní ìlà méjì, ẹ fi àyè sílẹ̀ ní etí kó má baà tú síta. Ẹ pa á pọ̀ kíá, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ojú rẹ̀ tó gbẹ. Bí ojú rẹ̀ bá ti gbẹ kò ní lẹ̀ mọ́, ẹ ní láti ha á kúrò kí ẹ tún un fi sí i. Èyí tó bá yọ síta, ẹ má nù ún nígbà tó tutù, á kàn ba gbogbo ibẹ̀ jẹ́. Ẹ dúró kó le, kí ẹ wá fi ọ̀bẹ gé e.

Bíríkìlà Kubwa

Ó ku ohun kan tó ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Omi tí wọ́n fi ń fọ ìbọn yẹn, asẹtóònù ló wà nínú rẹ̀. Ẹ fọ ìbọn ní ọ̀nà jíjìn sí búlọ́ọ̀kù, ẹ má sì fi aṣọ tó ti mu omi yẹn nu fóòmù tó ta sára ògiri. Búlọ́ọ̀kù karùn-ún nìyẹn.

Tí ẹ ò bá tíì lo agolo tán, ẹ má yọ ọ́ lára ìbọn, ẹ kàn dí ìbọn náà pa, kí ẹ gbé e dúró sí ibòji. Ẹ lè padà sí i lọ́jọ́ kejì.

Ìyá Ìbejì, Lugbe

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A da kọnkéré ní Sátidé. A bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀ kí oòrùn tó mú, a ń yí ilé po ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin mẹ́rin. Òkúta wẹẹrẹ ni a lò, kò tóbi ju ti ìdajì íńṣì lọ. Igun ibi ìdáná, níbi tí a ti gé búlọ́ọ̀kù púpọ̀, ni mo dúró tì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Pílíwúùdù ibẹ̀ dún kẹ̀rẹ́kẹ̀rẹ́ nígbà tí kọnkéré dé ìdajì, a dá dúró, a fi igi méjì kún un. Kò yẹ̀.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni abẹ́ fèrèsé ibi ìdáná. Bí a bá fi òòlù kàn án níbẹ̀, ìró rẹ̀ ṣófo, kò rí bíi ti ibòmíràn. Fóòmù ló bo kọnkéré mọ́lẹ̀, mi ò lè rí inú.

Ọmọ Ìlọrin ní Jabi

Abẹ́ fèrèsé ni ibi tí kọnkéré kì í fẹ́ dé jù. Ní ilé mìíràn, ẹ ní kí wọ́n lu ihò sí pákó ìsàlẹ̀ fèrèsé kí ẹ̀rọ tó ń gbọn kọnkéré lè gba ibẹ̀ wọlé.

Èyí tó wà nílẹ̀ ṣeé ṣe. Ẹ fi ayùn gé fóòmù níbi tó ń ṣófo, tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, kí etí rẹ̀ dagun díẹ̀ kí ègé náà má baà ṣubú wọnú nígbà tí ẹ bá ń dá a padà. Ẹ yọ ọ́ pẹ̀lẹ́, ẹ má fọ́ ọ. Tí ẹ bá rí ihò, ẹ fi iyanrìn àti sìmẹ́ńtì tó lágbára dí i pinpin, kí ẹ fi igi wẹẹrẹ máa gún un wọlé. Bó bá ti le, ẹ nu eruku, ẹ fín omi, ẹ fi ti oníbọn lẹ ègé náà padà sí àyè rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Lugbe

A gé e láàárọ̀ yìí. Ihò kan wà níbẹ̀ tó tó ìkúùkù àgbàlagbà, ní abẹ́ pákó gan-an. Rọ́ọ̀dù kò yọ síta, ìyókù le bí òkúta. Bíríkìlà wa fúnra rẹ̀ ló dí i, ó sì kọ́kọ́ bá mi wá ike ìfínmi láì jẹ́ pé mo rán an létí. Ọ̀la la máa lẹ ègé náà padà. Agolo kan ṣì kù tí a kò tíì ṣí, ó wà ní òró lábẹ́ tábìlì nínú yàrá mi.